Níbo Ni Eruku Ọyẹ́ Ti Ń Wá?



Bí ọyẹ́ bá dé sí Arimogija, a óò nu tábìlì láàárọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, eruku ti tún bò ó. Àwọn kan rò pé ọ̀kadà ló ń da gbogbo rẹ̀ sílé wa. Díẹ̀ wá láti ojú títì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni kùrukùru ọyẹ́ ti wá.

Ibì kan wà ní ilẹ̀ Chad tí à ń pè ní Bodélé. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá ni. Omi náà gbẹ, ó ku ìkarahun ewéko omi kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ líle a gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá síbẹ̀. Iyanrìn ni yóò kọ́kọ́ fò sókè. Bó bá já lulẹ̀, yóò ta eruku kíkúnná sókè. Iyanrìn wúwo, kì í lọ jìnnà. Eruku fúyẹ́, afẹ́fẹ́ a gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, a tún gbé e kọjá sórí òkun.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà padà sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, yóò bà sórí páànù àti ewé kòkó. Bí òjò bá sì rọ̀, òjò á wẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sọ pé bíi mílíọ̀nù 28 tọ́ọ̀nù ń bọ́ sínú igbó Amazon, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún. Ajílẹ̀ ló jẹ́ fún àwọn igi ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n eruku yìí kan náà ń ni ẹni tó ní ikọ́ fée lára. Ẹ bo omi mímu yín. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá mọ́sálásí. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó má ṣe jìnnà sí oògùn rẹ̀.

A kò lè dá afẹ́fẹ́ Bodélé dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá sun igbó lásìkò ọyẹ́ ti tú ilẹ̀ sí ìhòòhò. Afẹ́fẹ́ àti àgbàrá ni yóò kó ọ̀rá oko baba rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ewé bo ilẹ̀.

Ìbéèrè:
1. Kí ló dé tí eruku ń dé ọ̀dọ̀ wa, tí iyanrìn kò dé?
2. Báwo ni ẹ ṣe lè fi ọ̀wọ̀ bá àgbà tó ń sun igbó sọ̀rọ̀?