Orí Kẹta: Ohun Márùn-ún Tó Gbé Ìtàn Àròsọ Ró

Bí a bá tú ìtàn àròsọ palẹ̀, a óò bá nǹkan márùn-ún níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938.

Ẹ̀dá ìtàn. Àkàrà-oògùn ni olú ẹ̀dá ìtàn níbẹ̀: ọdẹ ni bàbá rẹ̀, àjẹ́ ni ìyá rẹ̀. Àwọn ọdẹ tó bá a rìn kò jọra. Kùmọ̀ ni Kàkó gbójú lé, ọgbọ́n ni ti Ìmọ̀dòye, orin ni ti Olóhùn-iyọ̀. Bí wàhálà bá dé, ìwà oníkálukú ló ń sọ ohun tí yóò ṣe.

Ibùdó ìtàn. Èyí ni ibi àti àkókò tí ìtàn ti wáyé. Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ọdẹ lè ṣe kòńgẹ́ iwin bí Àgbákò. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Lápàdé, olú ẹ̀dá ìtàn, wà nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ. Ọ̀daràn ló ń lé, kì í ṣe iwin.

Àhunpọ̀ ìtàn. “Ọba ránṣẹ́, àwọn ọdẹ lọ”: ìṣẹ̀lẹ̀ méjì lásán nìyẹn. “Ọba ń fẹ́ kí ìlú rẹ̀ tòrò, ló bá rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó”: àhunpọ̀ ti dé, nítorí ohun kan ló fa èkejì.

Asọ̀tàn. Asọ̀tàn lè yàtọ̀ sí òǹkọ̀wé. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé Fágúnwà, arúgbó kan wá bá akọ̀wé kan, ó ní kó mú kálàmù àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Àkàrà-oògùn ni arúgbó yẹn. Níwọ̀n bí òun fúnra rẹ̀ ti ń rò ó, a ti mọ̀ pé ó ti igbó bọ̀ láàyè. Bó ṣe yọ nínú ewu la wá ń dúró gbọ́.

Kókó ọ̀rọ̀. Èyí ni ohun tí ìtàn fẹ́ ká rò. Nígbà tí àwọn ọdẹ alágbára wọ̀nyí dé Láńgbòdó, ṣe ni wọ́n jókòó fún ọjọ́ méje, tí ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ìrágbèje ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó hàn pé agbára nìkan kò lè tún ìlú ṣe.

Iṣẹ́ ṣíṣe
1. Mú àlọ́ ìjàpá kan tí o mọ̀. Ta ni olú ẹ̀dá ìtàn? Níbo ló ti ṣẹlẹ̀?
2. Tún un sọ láti ẹnu ẹni tí Ìjàpá rẹ́ jẹ. Kí ló yí padà nínú kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀?