Iṣan Ìsàlẹ̀ Ìbàdí

Ẹni tí ó bá yẹ egungun ìbàdí wò yóò rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Iṣan ni ó tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní, tí ó gbé àpò ìtọ̀, ilé-ọmọ àti ìfun ró. Àwa náà ń lò ó, nígbà tí a bá mú ìtọ̀ mọ́ra títí agogo yóò fi lù.

Bí ìbímọ bá mú un dẹ̀, ìtọ̀ a máa jò bí obìnrin bá wúkọ́. Ìdárayá lè mú un le, bí oníṣègùn Kegel ti Amẹ́ríkà ti kọ ní 1948.

Ṣùgbọ́n bí ìrọbí bá pẹ́ jù, tí orí ọmọ há mọ́ egungun, ẹran-ara àárín wọn a kú, àpò ìtọ̀ a sì lu. Èyí a máa jò tọ̀sán-tòru. Kì í ṣe ègún. Oníṣẹ́-abẹ ni í rán an, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawson ti ṣe ní UCH Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957.