Títọ́jú Orin Ẹ̀fẹ̀ Sínú Tábìlì Drupal

ÌBÉÈRÈ: Mò ń kó orin Ẹ̀fẹ̀ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báwo ni n ó ṣe ṣètò tábìlì tí yóò gbà wọ́n nínú module Drupal mi? – Òǹkàwé kan, Ìdógò.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Yewa, iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀, nítorí pé láti ọdún 2001 tí UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, àwọn àgbà tí wọ́n mọ orin náà lórí kò dẹ́kun láti máa wọ káà ilẹ̀ lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: nínú fáìlì .install ni kí ẹ kọ hook_schema sí, kí ẹ fi orúkọ module yín rọ́pò "hook", kí ẹ ya òpó sọ́tọ̀ fún ìlú, fún ọdún, àti fún orin. Drupal fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ́ tábìlì náà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé module wọlé. Ẹ fún orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, irú serial, kí ẹ sì fi í ṣe primary key. Varchar 255 tó fún orúkọ ìlú, ṣùgbọ́n text ni kí ẹ yàn fún orin, nítorí pé olórin Ẹ̀fẹ̀ kì í wọn ọ̀rọ̀.

Àmì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Lórí MySQL, bí Drupal ṣe máa ń ṣètò tábìlì, ẹni tó bá wá "oko" yóò rí "ọkọ" pẹ̀lú; 'binary' => TRUE lórí òpó orin náà ni yóò yà wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ fi òpó kún un lẹ́yìn tí orin ti wọlé, hook_update_N ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe yọ module náà kúrò pátápátá kí ẹ tó tún un gbé wọlé, nítorí pé yíyọ rẹ̀ yóò pa tábìlì àti gbogbo orin inú rẹ̀ rẹ́.