ÌTỌ́JÚ ARÚGBÓ: ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN TÓ YẸ KÍ Á BI ARA WA

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tó mú wa láti inú àìlera bọ́ sínú agbára, tó sì tún ń dá àìlera padà fún ẹni tó bá dàgbà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn àgbà máa ń ní, "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu." Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ òkété ti lọ sí òkè òkun. Ní Arakale níhìn-ín, ìyá lè wà nínú yàrá, kí ọmọ wà ní London, kí ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ń sanwó fún máa bọ́ ìyá. Ilé tí a ti ń sanwó fún àjèjì láti tọ́jú arúgbó, ṣé kì í ṣe ilé ìtọ́jú arúgbó ni, bí kò tilẹ̀ ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ wa sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2022 títí di oṣù keje ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ ń fún òṣìṣẹ́ ìtọ́jú láti òkèèrè ní físà. Àjọ Care Quality Commission, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009, ló ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé náà. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn wá sínú ilé tiwa.

1. Ṣé arúgbó wà láìléwu? Bí ẹni tí kò lè dìde bá dùbúlẹ̀ lójú kan, ìwúwo ara rẹ̀ yóò tẹ ẹran ara mọ́ eegun ní ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ibẹ̀, ẹran ara yóò kú, yóò sì di egbò. Nítorí náà, kí á máa yí i padà ní bíi wákàtí méjì-méjì, kí ibùsùn rẹ̀ sì gbẹ.

2. Ṣé ìtọ́jú náà ń ṣe é lóore? Òùngbẹ kì í tètè gbẹ arúgbó. Kí á máa fún un lómi kó tó béèrè. Bí ìyá bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ẹ má ṣe sọ pé ogbó ni, ẹ má sì pè é ní àjẹ́. Àìtó omi tàbí àrùn lè fà á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ní UCH Ìbàdàn, a ti ní ibùdó ìwòsàn tó jẹ́ ti àwọn arúgbó láti ọdún 2012.

3. Ṣé inúure wà níbẹ̀? Nínú Sūratul-Isrā'i, āyà 23, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí á tilẹ̀ ṣe ṣíọ̀ sí òbí. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń jágbe mọ́ Alhaja nítorí pé ó tọ̀ sára, ó ti kọjá ṣíọ̀. Kí obìnrin máa wẹ obìnrin, kí ọkùnrin máa wẹ ọkùnrin, kí á sì bo ìhòòhò wọn.

4. Ṣé a ń fún un ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́? Baba tó ti ń kírun láti kékeré, ta ló ń bu omi àlùwàlá fún un? Bí omi kò bá bá ara rẹ̀ mu, tayamọ́mù wà. Bí kò bá lè dúró, kó jókòó kírun. Bí kò bá lè jókòó, kó fi ìhà lélẹ̀ kí i. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òní ni Jímọ́ọ̀.

5. Ta ni olórí ìtọ́jú náà? Owó tó ń ti London wá kò ní ojú. Ní ọdún 2011, BBC fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ hàn bí wọ́n ṣe ń lu àwọn aláìsàn ní Winterbourne View, ilé ìwòsàn àdáni kan nítòsí Bristol fún àwọn tí làákàyè wọn kò pé. Nọ́ọ̀sì kan ti fi ẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá àti àjọ tí a dárúkọ lókè yìí ṣáájú, wọn kò kà á sí. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ dá òṣìṣẹ́ 11 lẹ́bi, 6 nínú wọn sì lọ sẹ́wọ̀n.

Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí olùbẹ̀wò wà, kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí? Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ yan ẹbí kan tí yóò máa wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ bá ìyá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ kò sí nítòsí. Ẹ sanwó fún ọmọ ọ̀dọ̀ lásìkò, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi, nítorí ẹni tí kò sùn kò lè ní sùúrù. Ẹ̀yin ará mọ́sálásí, bí ẹ bá kírun Jímọ́ọ̀ tán, ẹ yà kí arúgbó kan kí ẹ tó lọ sílé. Ẹni tó bá sì rí ohun tí kò dára, kó sọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwa náà rí ẹni rere tọ́jú wa. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́
(a) Kí ló ń fa egbò sára ẹni tó dùbúlẹ̀ lójú kan?
(b) Báwo ni ẹni tí kò lè dìde ṣe ń kírun?
(d) Arúgbó wo ló wà ní àdúgbò rẹ? Ìgbà wo lo kí i kẹ́yìn?