Ẹ̀kọ́ Lórí Eré Ọ̀rọ̀: Ìbéèrè Nípa Mímú Nǹkan Fúyẹ́

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913 ni Arthur Wynne, ọmọ Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ gbé eré ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní crossword jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni eré yìí ti tàn káàkiri ayé. Ojú ilé kéékèèké ni a fà sínú ìwé, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó sì ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà ní ìbú, àwọn mìíràn wà ní òòró, wọ́n sì ń pàdé ara wọn.

Ìbéèrè kan tí ó máa ń wọ́pọ̀ nínú eré yìí ni èyí tí ó jẹ mọ́ mímú nǹkan fúyẹ́ tàbí mímú un rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀nà àtidáhùn rẹ̀ wò.

Èkíní: Ẹ ka iye ojú ilé. Bí ó bá jẹ́ 4, ẹ dán ease wò. Bí ó bá jẹ́ 5, allay. Bí ó bá jẹ́ 6, soothe. Bí ó bá jẹ́ 9, alleviate. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 7, relieve àti lighten ni yóò máa du àyè náà. Ọ̀rọ̀ òòró tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá ni yóò làjà: bí ó bá fi N sí ìparí, lighten ni ó borí.

Èkejì: Ẹ ṣọ́ ìgbà tí ìbéèrè ń sọ. Ní èdè Yorùbá, a mú ẹrù fúyẹ́ lánàá, a sì ń mú un fúyẹ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti àná, ED ni ó sábà máa ń parí ìdáhùn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀ ná.

Ẹ̀kẹta: Ọ̀rọ̀ mìíràn ní ojú méjì. Lighten lè jẹ́ kí ẹrù fúyẹ́, ó sì lè jẹ́ kí ibi tí ó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀. Yorùbá kì í fi ìfúyẹ́ pe ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kọjá eré. Bí ìwé láti ibi iṣẹ́ bá sọ pé a ti relieve ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe pé a dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. A ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí a bá kọ ọ́ sára ìgò oògùn pé ó ń relieve ìrora: yóò mú ìrora rọlẹ̀, kò sọ pé yóò wo àrùn náà sàn. Ẹni tí ibà ń ṣe, tí ó lo oògùn ẹ̀fọ́rí, tí orí rẹ̀ sì fúyẹ́, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ibà. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò.

Ẹ dáhùn èyí fúnra yín: a mú ìbẹ̀rù ènìyàn rọlẹ̀ lánàá, ojú ilé 7, A ni lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.