Ta Ló Ń Wo Status Rẹ?

Bíbélì Kíkà: Isaiah 39:1-8, Marku 5:35-43

Nígbà tí ara Hesekiah yá tán, ọba Babeli fi ìwé àti ẹ̀bùn ránṣẹ́ láti bá a yọ̀. Inú Hesekiah dùn sí àwọn ońṣẹ́ náà. Ó mú wọn wọ ilé ìṣúra, ó fi fàdákà, wúrà, òróró olówó iyebíye àti gbogbo ohun ìjà rẹ̀ hàn wọ́n. Kò sí ohun kan ní ààfin tí ojú wọn kò tó. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un. Ìdùnnú ló ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí Isaiah dé, kò bá a jiyàn lórí ẹ̀bùn náà rárá. Ó fẹ́ mọ ibi tí àwọn àlejò náà ti wá àti ohun tí wọ́n fojú rí. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni Nebukadnessari wá kó ìṣúra ààfin lọ (2 Àwọn Ọba 24:13).

Olùfẹ́, ọ̀rọ̀ Status orí WhatsApp ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò láàárọ̀ yìí. Oṣù kejì ọdún 2017 ni WhatsApp gbé e jáde bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí: àwòrán, fídíò tàbí ọ̀rọ̀ tí yóò pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Nítorí pé ó ń pòórá, ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ohun tí a kò jẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé wa síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó lè ya ojú fóònù rẹ̀ láwòrán kí wákàtí 24 tó pé, WhatsApp kò sì ní ta ọ́ lólobó. Lọ́dún 2014, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, fẹ̀sùn kan Snapchat pé ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ bó ṣe ń sọ pé ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ yóò pòórá, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà pọ̀ tí ẹni tó gbà á lè gbà tọ́jú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fi í sábẹ́ àbójútó fún 20 ọdún. Bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí ojú ti rí yóò parẹ́, kí ló dé tí ìwọ fi gbẹ́kẹ̀ lé e?

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó ń tajà, nítorí wọ́n pọ̀ láàárín wa. Status ni ìsọ̀ ọ̀pọ̀ arábìnrin lónìí, ẹni tó ń ta láàsì, ẹni tó ń ta ẹja yíyan, ẹni tó ń ṣe kéèkì. Kí ẹnìkan tó lè rí Status rẹ, ìwọ ti ní láti fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù rẹ, òun náà ti ní láti fi tìrẹ pamọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ pé "ẹ save nọ́ńbà mi kí ẹ lè máa rí ọjà mi." Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kọjá ibẹ̀. Wọ́n á gba fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní VCF, tí nọ́ńbà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí wọn kò mọ̀ rí wà nínú rẹ̀, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sórí fóònù kí àwọn tó ń wo Status wọn lè pọ̀. Láàárọ̀, láàsì ni wọ́n gbé síbẹ̀. Lọ́sàn-án, ọmọ wọn ni, nínú yunifọ́ọ̀mù, tí orúkọ ilé ìwé hàn gbangba láyà rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, "ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti gúnlẹ̀ sí Àbújá." Ẹni tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀ ti mọ ilé ìwé ọmọ, ó ti mọ ojú ọmọ, ó sì ti mọ̀ pé ìyá ọmọ kò sí nílé lóru yìí.

Má sọ fún mi pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ilé. Òun ló ń ṣọ́ ọ lóòótọ́, síbẹ̀ o máa ń ti ilẹ̀kùn kí o tó sùn.

Bí agbára bá gbé e, jẹ́ kí nọ́ńbà ọjà yàtọ̀ sí ti ẹbí. WhatsApp Business, tó jáde ní ọdún 2018, lè wà lórí fóònù kan náà pẹ̀lú WhatsApp tí o ń lò tẹ́lẹ̀, bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti yàtọ̀. Oníbàárà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ọjà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní rí ọmọ rẹ.

Fún ẹni tó jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní, mú fóònù rẹ lẹ́yìn àdúrà (mo ní lẹ́yìn àdúrà o), lọ sí Settings, tẹ Privacy, lẹ́yìn náà tẹ Status. Bí o bá bá My contacts níbẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ẹ jọ fi nọ́ńbà ara yín pamọ́ ló ń wọlé: birikìlà, oní-Keke, ẹni tó yá ọ lówó, ẹni tí o yá lówó. My contacts except ni kí o yàn bí o bá fẹ́ yọ àwọn kan kúrò. Only share with ni kí o yàn bí o bá fẹ́ ka orúkọ àwọn tí yóò rí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fara mọ́ ìkẹta yìí jù fún ọ̀rọ̀ ilé. Nínú èkejì, gbogbo nọ́ńbà tuntun tí o bá fi pamọ́ lọ́la ni yóò di òǹwòran láìjẹ́ pé o rò ó, kódà bí ẹni tí o yọ kúrò bá gba nọ́ńbà tuntun tí o sì fi í pamọ́, ó ti padà wọlé nìyẹn. Nínú ìkẹta, ẹni tí o kò pè kò ní wọlé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí o bá yí ètò yìí padà, àwọn Status tí o ti gbé síta ṣáájú kò ní yí padà. Bí o bá ti gbé ohun tí kò yẹ síta, pa á rẹ́ ná, yí ètò náà padà, kí o tó tún un gbé, bó bá tún yẹ ní gbígbé. Òmíràn ni Mute. Arákùnrin kan máa ń sọ pé òun ti Mute àbúrò ìyàwó òun, nítorí náà kò lè rí òun mọ́. Irọ́ ni. Ìwọ ni o kò fẹ́ rí tirẹ̀ mọ́, òun ṣì ń rí tìrẹ. Má sì fọkàn tán àmì ojú tó ń fi orúkọ àwọn tó wò ó hàn ọ́. Ẹni tó bá ti pa Read receipts lè wò ó kí orúkọ rẹ̀ má hàn, orúkọ náà kò sì lè sọ fún ọ àwọn tó gbé fóònù fún wò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àṣírí ẹlòmíràn. Àwọn arábìnrin kan lọ bẹ ẹnìkejì wọn wò nílé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fún un ní èso. Kí wọ́n tó jáde, ọ̀kan nínú wọn yà á láwòrán pẹ̀lú omi tí wọ́n fà sí i lára, ó gbé e sí Status pé kí àwọn ènìyàn bá wọn fi í sínú àdúrà. Ọkàn rere ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n aláìsàn náà kò tí ì sọ fún ìyá rẹ̀ ní ìlú wọn, nítorí pé ìyá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ará àdúgbò ìyá wà lára àwọn tó rí àwòrán náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sọ fún ìyá, wọ́n sì ti fi kún un pé ọmọ rẹ̀ ń kú lọ. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ìyá digbàdigbà lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú, àwọn méjèèjì padà sílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí arábìnrin yìí bá ń ṣàìsàn, ìjọ kì í gbọ́. Ó ń dá nìkan sùn síbẹ̀, láìsí ẹni tí yóò bá a gbàdúrà, nítorí pé ó ń bẹ̀rù fóònù wa.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 pàápàá ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Ṣé ó wá yẹ kí òfin ìjọba máa fi ìtìjú kọ́ wa?

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Pásítọ̀, ṣé kí a má jẹ́rìí mọ́ ni?" Wo Marku orí 5 dáadáa. Nínú orí kan náà, Jesu rán ọkùnrin tó gbà lọ́wọ́ ẹ̀mí àìmọ́ padà sílé pé kí ó lọ ròyìn fún àwọn tirẹ̀. Ara tirẹ̀ ni, ẹnu tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ilé Jairu, níbi tí ọmọ ọdún méjìlá dùbúlẹ̀ sí, ó lé gbogbo àwọn tó ń sunkún síta. Bàbá, ìyá àti ọmọ ẹ̀yìn mẹ́ta ni ó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Lẹ́yìn tí ọmọ jí, ó kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ, ó sì ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Jesu kò kórìíra àwọn tó wà níta. Yàrá ọmọ kì í ṣe tiwọn ni.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti yọ ẹnìkan kúrò lára àwọn tó ń wo Status rẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti yọ Pásítọ̀ gan-an kúrò, mi ò sì bínú. Bó bá jẹ́ pé àwòrán ẹbí ni, ẹ máa yọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tí o mọ̀ pé yóò kó ìtìjú bá ọ bí mo bá rí i ni, kì í ṣe Settings ni kí o yẹ̀ wò.

Kókó Àdúrà: Dárúkọ ẹnìkan tó fọ̀rọ̀ àṣírí kan lọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí o gbàdúrà fún un láìsọ ohun tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbàdúrà fún àwọn tó wà lórí ibùsùn àìsàn láìsí ẹni tó mọ̀ nínú ìjọ.