Apálá Tó Ń Jẹun: Kí Ni Ká Pe Cucumaria frondosa?

Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ohun tuntun lórúkọ, ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n sábà máa ń wò. Ẹ wo erinmi: erin àti omi ló di ọ̀rọ̀ kan, fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ "omi" sì di ìpajẹ. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà yìí wo ẹranko kan tí kò sí nínú òkun tiwa.

Inú omi tútù ní àríwá Òkun Àtìláńtíìkì ni Cucumaria frondosa ń gbé: ní etíkun Maine ní Amẹ́ríkà, Newfoundland ní Kánádà, Iceland àti Norway. Àpáta ìsàlẹ̀ òkun ló máa ń lẹ̀ mọ́.

Ara rẹ̀ rí bọ̀rọ̀gìdì bí apálá. Kò lójú, kò ní ọpọlọ. Ẹsẹ̀ kéékèèké tò sí i lára ní ìlà márùn-ún. Apá mẹ́wàá tó yọ ẹ̀ka bí igi ló yí ẹnu rẹ̀ ká. Á na àwọn apá náà sínú omi kí oúnjẹ tíntìntín tó ń léfòó lẹ̀ mọ́ wọn, á wá máa kì wọ́n bọ ẹnu lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé tó ń lá ọbẹ̀ lára ìka. Ihò ìdí ló fi ń fa omi sínú láti mí. Kì í tètè dàgbà. Bí àwọn apẹja bá kó o jù, kì í tètè kún padà.

Ní 1767 ni Gunnerus, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Norway, sọ ọ́ ní frondosa. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Látìnì ni "eléwé púpọ̀". Inú orúkọ apálá ni Cucumaria náà ti wá. Ẹranko ni, ṣùgbọ́n orúkọ ewéko méjì ló ń jẹ́!

Àbá tèmi ni "apálókun": apálá + òkun. Fáwẹ̀lì ìparí "apálá" di ìpajẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e.

Ẹnìkan lè ní orúkọ yìí yóò mú kí ọmọ iléèwé rò pé ewéko ni. Òótọ́ ni pé ẹranko la fi wé ẹranko nínú erinmi. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá eyín erin lẹ́nu erinmi. Orúkọ kò ní ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Bí ọmọ Ọ̀rà tí kò rí òkun rí bá gbọ́ lédè rẹ̀ pé apálókun ń jẹun, ó ń mí, ó sì ń rìn, á mọ̀ pé ẹranko ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ó pè é?